Bí ọpọlọ ṣe ń pa sẹ́ẹ̀lì lẹ́nu mọ́ kí òórùn lè yé wa: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ohun tí a sábà máa ń sọ nípa imú ni pé ó ń gba nǹkan wọlé. Ṣùgbọ́n nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n dá sẹ́ẹ̀lì mìíràn lẹ́kun lọ, wọ́n sì pọ̀ ju àwọn tó ń gbé ìròyìn òórùn kiri lọ fíìfíì. Láìsí wọn, a ó ṣì máa gbọ́ òórùn, àmọ́ òórùn tó jọra yóò ṣòro láti yà sọ́tọ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń ka báyọ́lọ́jì rí ọ̀rọ̀ yìí kà ní èdè tó gbọ́ dénú, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ wọn kì í kọjá ihò imú.

Ṣé imú kọ́ ló ń gbọ́ òórùn ni?

Imú ló ń gbà á, ọpọlọ ló ń mọ̀ ọ́n. Lókè pátápátá nínú ihò imú ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba òórùn tò sí. Olùgbà wà lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn purotéènì tí mólékù òórùn máa ń so mọ́. Ní 1991, Linda Buck àti Richard Axel, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Columbia ní New York, ṣàwárí ìdílé jíìnì ńlá tó ń ṣe àwọn olùgbà yìí. Iṣẹ́ yẹn ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2004. Èkúté ilé ní nǹkan bí 1,000 irú olùgbà, àwa ènìyàn ní nǹkan bí 400. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì máa ń yan irú kan ṣoṣo, òun ló máa lò.

Okùn tín-ín-rín ń jáde lára àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, ó ń gba àwọn ihò wíwẹ́ inú egungun kọjá lọ sínú kókó òórùn, ìyẹn apá ọpọlọ kékeré kan tó jókòó sórí ihò imú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Gbogbo okùn tó ti ọ̀dọ̀ irú olùgbà kan náà wá máa ń pàdé sí nǹkan bí ojú méjì péré nínú kókó kọ̀ọ̀kan. Ojú ìpàdé roboto yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní glomerulus, èkúté sì ní nǹkan bí 2,000 nínú kókó kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń jẹ́ mitral ti ń gba ìròyìn tí wọ́n sì ń gbé e wọ inú ọpọlọ lọ.

Bí olùgbà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a tún fi nílò ohun tó ń pa sẹ́ẹ̀lì lẹ́nu mọ́?

Nítorí pé olùgbà kan kì í ṣe ti òórùn kan. Mólékù kan lè so mọ́ oríṣiríṣi olùgbà, olùgbà kan náà sì lè gba oríṣiríṣi mólékù mọ́ra. Nítorí náà, orúkọ òórùn kọ́ ni ọpọlọ ń rí gbà. Àkópọ̀ ló ń rí: àwọn glomerulus wo ló jí, àwọn wo ni kò jí. Bí òórùn méjì kò bá jọra rárá, irú bí epo bẹntiróòlù àti ọṣẹ dúdú, àkópọ̀ wọn jìnnà síra, wàhálà kò sí.

Ẹ wá mú irú àti ogiri. Àwọn bakitéríà ẹ̀yà Bacillus ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì nígbà tí a bá dì wọ́n pa mọ́ kí wọ́n lè kan. Síbẹ̀ ìyálọ́jà tó ń tà wọ́n kò nílò kó ṣí igbá kó tó mọ èyí tó wà nínú rẹ̀. Èèpo ọsàn mímu àti èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Kẹ́míkà kan náà, limonene, ló pọ̀ jù nínú òróró tó ń ta jáde lára méjèèjì, ọmọdé kò sì ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ìṣòro kejì ni bí òórùn ṣe le tó. Bó bá ṣe ń le sí i ni àwọn olùgbà tó ń jí ń pọ̀ sí i, títí kan àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá mólékù yẹn ṣe. Bí kò bá sí ohun tó ń dín in kù, òórùn ẹja díndín tí ẹ gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà ìbá dà bí nǹkan ọ̀tọ̀ sí èyí tí ẹ gbọ́ nídìí iná.

Kí ni sẹ́ẹ̀lì akóniníjàánu?

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń fi iná mànàmáná wíwẹ́wẹ́ ránṣẹ́ lára òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá kan pé kó bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, kẹ́míkà ló máa ń dà jáde sí oríta tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Kẹ́míkà tó ń jẹ́ glutamate máa ń ru sẹ́ẹ̀lì kejì sókè. Èyí tó ń jẹ́ GABA, tí wọ́n rí nínú ọpọlọ ní 1950, máa ń mú kó ṣòro fún un láti ta, ìyẹn láti fi iná rẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń da GABA jáde ni mò ń pè ní akóniníjàánu. Ẹṣin tí kò ní ìjánu lè sáré púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbé ẹni tó gùn ún débi tó ń lọ.

Àwọn wo ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú kókó òórùn?

Oríṣi wọn pọ̀. Àwọn kan yí glomerulus ká, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé. Àwọn tó pọ̀ jù wà nísàlẹ̀, orúkọ wọn ni granule. Nínú eku, fún sẹ́ẹ̀lì mitral kan ṣoṣo, granule lé ní 50.

Granule ya àwọn onímọ̀ àtijọ́ lẹ́nu, nítorí kò ní okùn gígùn tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ̀ka nìkan ló ní. Ohun tí wọ́n sì ń kọ́ni láti ayé Santiago Ramón y Cajal ará Sípéènì ni pé ẹ̀ka ló ń gbọ́rọ̀, okùn ló ń sọ̀rọ̀. Báwo ni sẹ́ẹ̀lì tí kò ní okùn yóò ṣe bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀?

Ìdáhùn dé ní 1966, ọ̀nà tó sì gbà dé dùn mọ́ mi púpọ̀. Wilfrid Rall àti Gordon Shepherd, ní ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda, ń fi ìṣirò wo bí iná ṣe ń gba ara sẹ́ẹ̀lì mitral kọjá. Ìṣirò náà kò lè bára mu àyàfi bí ẹ̀ka mitral bá ń ru ẹ̀ka granule sókè, tí ẹ̀ka granule yẹn kan náà sì ń yíjú padà láti pa mitral lẹ́nu mọ́. Nílé ìwádìí kan náà, Thomas Reese àti Milton Brightman ń fi awò elẹ́kítírọ́ọ̀nù wo kókó òórùn. Wọ́n rí i: oríta kan tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ síwá-sẹ́yìn láàárín ẹ̀ka sí ẹ̀ka. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìṣirò ti sọ ohun tí ojú yóò rí kí wọ́n tó pa ẹnu pọ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Mitral kan ta, ó ru granule tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sókè. Granule náà da GABA sí mitral yẹn fúnra rẹ̀, ó sì tún dà á sí àwọn mitral mìíràn tí ẹ̀ka wọn kàn án. Mitral tó bá lágbára jù ń tipa bẹ́ẹ̀ rẹ àwọn tó kàn ń kùn lábẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó kéré láàárín òórùn méjì á wá hàn gbangba.

Ẹ̀rí wo ló wà pé òótọ́ ni?

Mẹ́ta ni mo máa ń mẹ́nu bà, nítorí ẹranko mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ.

Èkíní wá láti Jàpáánì ní 1995. Mineto Yokoi, Kensaku Mori àti Shigetada Nakanishi fi ehoro ṣe é. Wọ́n lo àwọn kẹ́míkà kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, tí gígùn ẹ̀wọ̀n kábọ̀ọ̀nù nìkan fi yàtọ̀. Mitral kan lè jí fún ẹ̀wọ̀n gígùn kan, kí èyí tó gùn díẹ̀ jù ú lọ tàbí tó kúrú díẹ̀ sí i sì máa mú kó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fi oògùn dínà mọ́ GABA, ìdákẹ́ náà dín kù. Ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì náà kì í ṣàdédé mọ ìyàtọ̀. Wọ́n ń bá a pààlà ni.

Èkejì ni ti oyin, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1997, Mark Stopfer, Gilles Laurent àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ́ oyin láti máa na ahọ́n síta bó bá gbọ́ òórùn tí wọ́n ti bá ṣúgà pọ̀ fún un. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi picrotoxin, oògùn tó ń dínà mọ́ iṣẹ́ GABA, kan apá ọpọlọ tí àwọn kan nínú oyin náà fi ń gba òórùn. Àwọn oyin wọ̀nyẹn kọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Òórùn tó yàtọ̀ gédégbé sí èyí tí wọ́n kọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n òórùn tó jọ ọ́ ni wọn kò lè yà mọ́. Imú wọn kò bàjẹ́, ìrántí wọn kò bàjẹ́. Ìfínnífínní ló lọ. Ohun tí oògùn náà tú ká nínú ọpọlọ wọn ni bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe máa ń ta pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kọ́ wa pé kì í ṣe pípa lẹ́nu mọ́ nìkan ni GABA ń ṣe, ó tún ń sọ ìgbà tí kálukú lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ṣẹlẹ̀ ní Heidelberg ní Jámánì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010. Wọ́n yọ jíìnì kan kúrò nínú granule èkúté kí ìkóníjàánu lè lágbára sí i. Àwọn èkúté náà wá ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti mọ ìyàtọ̀ láàárín àdàlù òórùn tó jọra. Nínú àwọn mìíràn, jíìnì ọ̀tọ̀ ni wọ́n yọ kúrò nínú granule, àwọn yẹn wá ń falẹ̀ lórí òórùn tó jọra. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ìkóníjàánu máa ń fa ìdíwọ́ fún ọpọlọ, kó tún àlàyé yìí kà.

Ṣé bí ojú ṣe ń ṣe é náà nìyí?

Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Haldan Keffer Hartline rí i nínú ojú ẹranko òkun kan tó ń jẹ́ Limulus pé bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí ibì kan, ibẹ̀ yóò rẹ àwọn aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí etí àwòrán hàn ketekete, ó sì wà lára ohun tó gba Nobel fún un ní 1967. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbé àlàyé yìí wọ inú ọ̀rọ̀ òórùn bó ṣe wà.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra. Nínú ojú, aládùúgbò ni ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láyé. Òórùn kò ní ọ̀tún tàbí òsì. Ní 2009, Edward Soucy, Markus Meister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wo glomerulus eku lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì rí i pé àwọn méjì tó fara kanra lè máa jí fún òórùn tí kò bára tan rárá. Nítorí náà, pípa aládùúgbò lẹ́nu mọ́ bíi ti ojú kò tó láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, àṣìṣe ni kí ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan da ojú àti imú pọ̀ ní gbólóhùn kan kó sì kọjá lọ.

Ṣé kókó òórùn nìkan ni ìkóníjàánu wà?

Rárá. Ó wà ní gbogbo ibùdó tí ìròyìn òórùn ń yà sí. Àpẹẹrẹ tó mọ́ jù lọ wà nínú eṣinṣin èso, èyí tí ẹ máa ń rí lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Ní apá kan ọpọlọ rẹ̀ tó ń tọ́jú ìrántí òórùn, nǹkan bí 2,000 sẹ́ẹ̀lì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí wọ́n sọ ní APL, ló na ẹ̀ka dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ṣe ń pariwo sí i ni APL ń da GABA lé wọn lórí sí i. Díẹ̀ nínú wọn ló máa ń kù tó ń ta fún òórùn kọ̀ọ̀kan.

Ní 2014, ẹgbẹ́ Gero Miesenböck ní Oxford pa ẹnu APL mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ta pọ̀ sí i, àkópọ̀ òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú òmíràn, àwọn eṣinṣin náà kò sì rántí ìyàtọ̀ láàárín òórùn tó jọra mọ́. Èyí tó yàtọ̀ gédégbé kò dà wọ́n láàmú. Ẹ rí i pé àbájáde ti oyin ló tún jáde, níbùdó mìíràn, lára kòkòrò mìíràn.

Ṣé òun ló fà á tí mi ò fi ń gbọ́ òórùn ilé ara mi?

Ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, òun nìkan kọ́. Sẹ́ẹ̀lì inú imú fúnra wọn máa ń rẹlẹ̀ bí òórùn kan bá dúró tì wọ́n. Nínú eṣinṣin èso, wọ́n ti fi hàn pé bí kòkòrò náà bá wà pẹ̀lú òórùn kan fún ìgbà pípẹ́, oríta àwọn sẹ́ẹ̀lì GABA á le sí i, òórùn náà á sì di ohun tí kò kà sí mọ́.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìkóníjàánu bá pòórá pátápátá?

Gìrì. Picrotoxin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, bó bá pọ̀ lára ènìyàn tàbí ẹranko, gìrì ló máa fà. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń fi oògùn tó ń ran GABA lọ́wọ́, irú bíi diazepam, dá gìrì dúró. Ẹ jọ̀wọ́, èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni lọ máa ra irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ nítorí imú. Ó máa ń kun ènìyàn lóorun, ó máa ń di bárakú, gbogbo ọpọlọ ló sì ń dé, kò mọ kókó òórùn yàtọ̀.

COVID gba òórùn lọ́wọ́ mi. Ṣé sẹ́ẹ̀lì akóniníjàánu ló bàjẹ́?

Ohun tí ìwádìí 2020 tọ́ka sí ni pé inú imú gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Purotéènì tí kòkòrò àrùn náà ń gbà wọlé, ACE2, wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn tó yí àwọn agbòórùn ká, wọn kò sì rí i lára àwọn agbòórùn fúnra wọn. Bí alátìlẹ́yìn bá wó, iṣẹ́ dúró.

Ẹlòmíràn wà tí òórùn padà fún, ṣùgbọ́n tó padà ní wíwọ́: kọfí ń rùn bí ìdọ̀tí, àlùbọ́sà díndín di ohun ìríra. Ó dùn mí láti rí i pé àwọn ènìyàn máa ń fi irú wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe àròsọ, ó lórúkọ nílé ìwòsàn, ó sì lè mú kí ènìyàn má lè jẹun tó bó ṣe yẹ.

Ṣé òótọ́ ni pé imú ènìyàn kò dáa rárá tí a bá fi wé ti ẹranko?

Àsọdùn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ọ̀dọ̀ Paul Broca ará Faransé wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì ti pẹ́ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ní 2017, John McGann ti Yunifásítì Rutgers kó ẹ̀rí jọ pé iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú kókó òórùn ènìyàn kò jìnnà sí ti ọ̀pọ̀ ẹranko afọ́mọlọ́mú, àti pé àwọn òórùn kan wà tí a ń gbọ́ dáadáa.

Èyí kò ní kí n má yin àwọn tó ju wá lọ. Ìbátan òkété wa ni eku ńlá tí àjọ APOPO ń kọ́ ní Morogoro ní Tàǹsáníà láti máa fi imú wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, tú àṣírí bọ́ǹbù tó lé ní 70 ní Kàǹbódíà, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 2020 kó tó kú ní 2022. Ẹ ro bí òórùn ilẹ̀, koríko, gbòǹgbò àti irin ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òórùn kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ dá mọ̀.

Ṣé ìdánrawò lè mú imú mú sí i?

Nínú èkúté, granule tuntun máa ń wọ kókó òórùn títí ayé wọn. Ní 1994, Carlos Lois àti Arturo Alvarez-Buylla fi hàn pé àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì ń rin ọ̀nà jíjìn láti àárín ọpọlọ wá síbẹ̀ lára èkúté tó ti dàgbà. Àwọn akóniníjàánu ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dé. Ti ènìyàn àgbà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwádìí èkúté ta oògùn imú fún yín.

Èyí tí wọ́n ti dán wò lára ènìyàn rọrùn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní 2009, Thomas Hummel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dresden ní kí àwọn tí òórùn ti dín kù fún máa gbọ́ òórùn mẹ́rin láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12: ti òdòdó róòsì, ti yukalíptọ́ọ̀sì, ti ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù àti ti kànáfùrù. Àwọn tó ṣe é sàn ju àwọn tí kò ṣe é lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí ìyàtọ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kànáfùrù wà lọ́jà wa. Ẹ fi sínú ìgò kékeré tó ní ìdérí, ẹ rọra fa òórùn rẹ̀ símú fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹ sì fọkàn sí ohun tí ẹ ń gbọ́, ẹ má máa fi ṣe eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù.

Ẹni tí òórùn bá ṣàdédé dín kù fún láìsí ọ̀fìnkìn, pàápàá àgbàlagbà, kó lọ rí dókítà. Ìpòórá òórùn lè ṣáájú ọwọ́ gbígbọ̀n nínú àrùn Parkinson fún ọ̀pọ̀ ọdún.